Ọbẹ̀ Tèmi Lọ́tọ̀

Nígbà tí ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, àwọn ọmọ kíláàsì mi rò pé mo fẹ́ dá wọn lára yá ni. Mo ń kọ "Ẹ̀kọ́ Kẹrin: Ẹran Ọ̀sìn" sórí pátákó, ìlà tó yẹ kó dúró gbọọrọ ń rí wúruwùru, ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Mo yíjú padà, mo wò wọ́n. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ǹ bá ti bá wọn rẹ́rìn-ín, tàbí kí n ní kí gbogbo wọn kúnlẹ̀ kí wọ́n gbọ́wọ́ sókè. Lọ́jọ́ náà n kò ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Mo nù ún kúrò, mo tún un kọ, ó tún rí bákan náà, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àpọ́nlé ni orúkọ mi. Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ṣakí, kíláàsì kẹta ni mò ń kọ́. Oògùn ló ń gbọn ọwọ́ mi. Dókítà kan ní Ìbàdàn ló kọ ọ́ fún mi ní ọdún méjì sẹ́yìn, lẹ́yìn tí mo ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù wọn, nígbà tí ìbànújẹ́ tí n kò mọ orísun rẹ̀ dé mi mọ́lẹ̀, tí n kò jẹun, tí n kò wẹ̀, tí mo sì ń bẹ Ọlọ́run pé kó má jí mi mọ́. Oògùn náà ṣiṣẹ́. N kò fẹ́ ṣe aláìmoore. N kò bẹ Ọlọ́run bẹ́ẹ̀ mọ́. Àmọ́ ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ní kí wọ́n bá òun lé eku jáde nínú yàrá, tí wọ́n lé eku, tí wọ́n sì kó àga, tí wọ́n kó bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n kó aṣọ, tí wọ́n pa iná lọ. Eku ti lọ lóòótọ́. Yàrá náà mọ́, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Òùngbẹ ń gbẹ mí láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Bí mo ṣe ń mu omi ni mò ń tọ̀. Kí ìṣirò tó parí, mo ti lọ sí ẹ̀yìn ilé ìwé lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnu mi dà bíi pé mo fi kọ́bọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Mo sì sanra. Ìyẹn ni inú àwọn ènìyàn ń dùn sí jù. Hẹ́dímíìsì wa, Ìyáàfin Akíntọ́lá, kì í rí mi kó má pariwo: "Àǹtí Àpọ́nlé! Ara mà ń gbà á o! Bàbá Ọpẹ́ ń ṣe dáadáa!" Èmi á ní, "Ẹ ṣé, mà." Kí ni kí n wí? Kí n ní oògùn ọpọlọ ni mo fi sanra?

Gbogbo ìyẹn, mo lè gbé e. Ohun tí n kò lè gbé ni ti Ọpẹ́. Ọpẹ́ ni ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, òun nìkan ni mo bí. Ní oṣù Jánúárì ó ṣubú lórí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé wa, orúnkún rẹ̀ bó, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn wọnú bàtà, ó sì ń sunkún wá bá mi. Mo fọ̀ ọ́, mo fi oògùn sí i, mo ní pẹ̀lẹ́. Gbogbo ohun tí ìyá ń ṣe ni mo ṣe, lẹ́sẹẹsẹ, bí ẹni tó ń tẹ̀lé ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn páálí. Àyà mi kò já rárá. Ọmọ náà wò mí lójú títí, ó sì gbé ẹkún rẹ̀ mì. Láti ọjọ́ náà, bí nǹkan bá ṣe é, Dayọ̀ bàbá rẹ̀ ló ń sá lọ bá.

Ibẹ̀ ni mo ti pinnu pé tí a bá ti gba ìsinmi Àjíǹde, n ó da oògùn náà sí ẹ̀yìnkùlé. Mo mọ ohun tó lè dé bá mi tí mo bá dà á nù. Mo fẹ́ kí nǹkan tún máa dùn mí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìsinmi tó dé ni Màámi dé láti Ìgbòho. Àríyọ̀, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tí òun náà jẹ́ ọmọ Ìgbòho, ló lọ sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Àkókò náà kò sí iṣẹ́ lóko, òjò kò tíì rọ̀. Wọ́n di iṣu mẹ́jọ sẹ́yìn ọ̀kadà, àwọn náà jókòó síwájú iṣu, wọ́n sì gba ọ̀nà eléruku náà wá. Kí wọ́n tó mu omi tí mo gbé fún wọn, wọ́n ti di ọwọ́ mi méjèèjì mú, wọ́n ń wò ó bí ìyá tó ń yẹ ọwọ́ ọmọ rẹ̀ wò bóyá ó jí ẹran jẹ.

"Ẹ̀jẹ̀ ríru yìí náà ni," ni wọ́n wí. "Ó ti wọ̀ ọ́ lára."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

Màámi kò mọ ohun tó gbé mi lọ sí Ìbàdàn. Ẹ̀jẹ̀ ríru la sọ fún wọn. Èmi ni mo ní ká sọ bẹ́ẹ̀, Dayọ̀ sì gbà. Màámi ní àbúrò obìnrin kan nígbà kan, Ọmọ́bọ́lá, tí n kò bá láyé. Ohun tí mo gbọ́ nípa rẹ̀ kò ju pé ó bímọ, pé orí rẹ̀ dàrú, pé wọ́n gbé e lọ síbì kan tí kò ti padà. Wọn kì í dárúkọ rẹ̀ nílé wa. Nígbà tí àwọn ará ilé Dayọ̀ wá ṣe ìwádìí kí wọ́n tó tọrọ mi, bí wọ́n ṣe ń ṣe, wọ́n bèèrè pé ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀ nínú ìran yìí, ṣé kò sí wárápá, ṣé kò sí wèrè. Màámi ní kò sí. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo gbọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kíákíá, bí ẹni tó ń ti fèrèsé nítorí òjò. Ta ni yóò wá lọ bá irú ìyá bẹ́ẹ̀ pé ohun tí ẹ ní kò sí nílé ti dé sílé?

Ẹ̀jẹ̀ ríru, ní tirẹ̀, Màámi mọ̀ ọ́n dáadáa. Òun ló pa bàbá mi. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún wọn nígbà náà pé kí wọ́n yé fi iyọ̀ sí oúnjẹ ọkọ wọn, wọn kò kà á sí, torí bàbá mi kì í jẹ ọbẹ̀ tó tẹ́. Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n dé, wọ́n gba ilé ìdáná lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé ìkòkò kékeré kan kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ńlá.

"Àṣàkẹ́," wọ́n ní. Oríkì mi nìyẹn, wọn kì í fi í pè mí àfi tí wọ́n bá ń bẹ̀ mí. "Iyọ̀ ò gbọdọ̀ kan ẹnu ẹ mọ́. Mi ò ní í fi ọwọ́ ara mi pa èèyàn méjì."

Láti ọjọ́ náà ni ọbẹ̀ tèmi ti dá dúró lọ́tọ̀. Kò sí iyọ̀, kò sí Mágì, ẹja gbígbẹ pàápàá, wọ́n á kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sómi kí iyọ̀ ara rẹ̀ lè kúrò. N kò fi ẹnu mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń dà bíi kọ́bọ̀ tẹ́lẹ̀ ṣì ń dà bíi kọ́bọ̀.

Ní ọjọ́ karùn-ún, Dayọ̀ dé láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní káńsù, ebi ń pa á, ó sì bu ọbẹ̀ nínú ìkòkò tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bà. Òkèlè kan péré, ó dúró.

"Màmá, ẹ gbàgbé iyọ̀ o."

"Ti ìyàwó yín nìyẹn, Bàbá Ọpẹ́. Tiyín wà nínú ìkòkò ńlá. Ẹ̀jẹ̀ ríru ò fẹ́ iyọ̀."

Dayọ̀ fojú bẹ̀ mí lábẹ́lẹ̀ pé kí n má bínú, pé irọ́ tí àwa méjèèjì pa ló ń jẹ mí níyà yìí, ó sì lọ pààrọ̀ ọbẹ̀ rẹ̀. Òun kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni mo ti rántí dókítà Ìbàdàn. Ọjọ́ tí yóò dá mi sílẹ̀ ló sọ ọ́, Dayọ̀ ti sọ̀kalẹ̀ lọ ra búrẹ́dì tí a máa jẹ lójú ọ̀nà. Dókítà náà ní, "Oògùn yìí àti iyọ̀, inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé lára rẹ. Bí iyọ̀ bá kó jáde, oògùn á gba gbogbo ilé, á sì di májèlé sí ọ lára. Iye iyọ̀ tí o ń jẹ tẹ́lẹ̀ ni kí o máa jẹ. Má dín in kù, má fi kún un. Sì máa mu omi."

Mo rántí gbogbo rẹ̀ bó ti sọ ọ́. Ohun tó yẹ kí n sọ kò ju pé, "Màámi, ẹ bá mi fi iyọ̀ sí i." Wọ́n á bèèrè ìdí, n ó sì wá irọ́ mìíràn pa. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kú. Ẹ gbà mí gbọ́ níbí yìí, n kò fẹ́ kú. Ó kàn dà bíi pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni, ẹnì kan tí mo mọ̀ lójú lásán. Mo jẹ oúnjẹ náà tán, mo fọ abọ́ mi, mo lọ sùn.

Oòrùn oṣù Máàṣì ní Ṣakí kì í ṣàánú ẹnikẹ́ni. Àwọn àpáta tó wà láàárín ìlú á gba ooru sínú lójúmọmọ, wọ́n á máa tú u jáde lóru. Mò ń làágùn títí aṣọ mi fi ń funfun lábẹ́ apá, iyọ̀ tó kù lára mi ni mò ń fi aṣọ nù kúrò. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ẹsẹ̀ mi kò gbọ́ tèmi mọ́; mo máa fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà kọjá, èjìká mi á sì gbá ògiri. Màámi rí i pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n ju ti ìṣáájú lọ, wọ́n ronú sí i, wọ́n ní iyọ̀ inú búrẹ́dì ni. Wọ́n gba búrẹ́dì lọ́wọ́ mi.

Ní ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, mo dúró níwájú kíláàsì, mo ní kí àwọn ọmọ ṣí ìwé wọn. Ohun tó jáde lẹ́nu mi kò jọ ọ̀rọ̀ kankan. Mo tún un sọ, ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lọ́tẹ̀ yìí wọn kò rẹ́rìn-ín. Mo rí ojú wọn bí wọ́n ṣe tò ó kalẹ̀, ogójì ojú, tí gbogbo rẹ̀ là sílẹ̀, mo sì rí ilẹ̀ tó ń bọ̀ wá bá mi.

Àríyọ̀ ló gbé mi lọ sí ọsibítù. Wọ́n fi mí sáàárín òun àti ọlọ́kadà, ó dì mí mú láti ẹ̀yìn, ó ń pe Jésù, ó sì ń bú ọlọ́kadà náà láàárín ìpè méjì. Màámi ti dé ibẹ̀ kí n tó mọ ibi tí mo wà, ìborùn wọn ti ṣí, wọn kò wọ bàtà. Nọ́ọ̀sì tó gbà wá ń jẹ́ Débọ́lá, obìnrin kúkúrú kan tí kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Oògùn wo ni wọ́n ń lò?"

"Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni," Màámi dáhùn. "Ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ kíá, ẹ jọ̀ọ́."

Ó wọ̀n ọ́n. Ó tún un wọ̀n ní apá kejì. "Màmá, ẹ̀jẹ̀ wọn ò ru. Ó tiẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù. Oògùn wo ni wọ́n ń lò?"

"Ẹ wọ̀n ọ́n dáadáa ni mo wí! Bàbá ẹ̀ gan-an ló pa!"

Àsìkò náà ni Dayọ̀ wọlé, òógùn bò ó. Ó wo nọ́ọ̀sì, ó wo Màámi, ó wá wo èmi. Mo mọ̀ pé àṣẹ ló ń tọrọ. Ahọ́n mi wà lẹ́nu mi bí ẹran ẹlòmíràn. Mo di ojú mi, mo tún là á.

"Oògùn ọpọlọ ni," Dayọ̀ wí, ó sì dárúkọ rẹ̀. "Ọdún kejì rèé tó ti ń lò ó. Ẹ̀jẹ̀ ríru kọ́. Àwa la purọ́."

Nọ́ọ̀sì náà bèèrè kíákíá, "Ṣé wọ́n ń jẹ iyọ̀?" Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì sáré lọ pe dókítà. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára mi, wọ́n so omi kọ́, wọ́n fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ sí ẹ̀yìn ọwọ́ mi. Màámi dúró síbẹ̀, wọ́n ń wo bí omi náà ṣe ń kán.

"Kí ló wà nínú omi yìí?" wọ́n bèèrè.

"Omi iyọ̀ ni, Màmá."

Màámi jókòó sílẹ̀, lórí símẹ́ńtì, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì gbọọrọ bí obìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ ọkọ fún. Mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń wò wọ́n. Mo mọ̀ pé ìyá mi ni, mo sì mọ̀ pé èmi ni mo fà á, torí mo lè fi gbólóhùn kan gbà wá lọ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ń retí kó dùn mí. Kò dùn mí.

Ọjọ́ kẹta ni ahọ́n mi tó já geere. Àwọn dókítà Ṣakí ti pe ti Ìbàdàn lórí fóònù, ìyẹn sì ní kí wọ́n fi oògùn náà sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n dín in kù díẹ̀. Dayọ̀ jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi. Màámi dìde lórí àga wọn, wọ́n tún ìró wọn ró, wọ́n sì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Bàbá Ọpẹ́, mo purọ́ fún àwọn èèyàn yín."

Ìyá ìyàwó kì í kúnlẹ̀ fún ọkọ ọmọ rẹ̀. Dayọ̀ kò mọ ohun tí ì bá ṣe, ni ó bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí símẹ́ńtì kó lè rẹlẹ̀ jù wọ́n lọ. Ibẹ̀ ni Nọ́ọ̀sì Débọ́lá bá àwọn méjèèjì. Ó gbé àwo oògùn rẹ̀ kọjá lórí Dayọ̀, ó fún mi ní tèmi, ó sì jáde.

"Mo ní àbúrò kan," Màámi ń wí lórí ìkúnlẹ̀ wọn. "Ọmọ́bọ́lá lorúkọ ẹ̀." Ọdún márùn-ún dín lógójì tí mo lò láyé, n kò gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu wọn rí. "Wọ́n ní wèrè ni. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò ja ẹnikẹ́ni. Ẹkún ló ń sun. Ó bímọ tán, ó bẹ̀rẹ̀ ẹkún, oṣù méje gbáko. Wọ́n ní ẹ̀mí kan ló wà lára ẹ̀, wọ́n dè é mọ́ ìdí igi, wọ́n ní kó gbààwẹ̀. Èmi ni mo ń gbé oúnjẹ lọ, wọn ò jẹ́ kí n fún un. Ẹkún náà ló ń sun tó fi kú. Ẹnikẹ́ni ò fún un lóògùn kan."

"Ẹ dìde, Màmá," Dayọ̀ wí láti ilẹ̀. "Ìwádìí ti parí látọdún mẹ́wàá. Ẹ dìde kémi náà lè dìde."

A padà sílé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Mo pe Ọpẹ́, mo sọ fún un pé oògùn kan wà tí mò ń lò tí kì í jẹ́ kí ojú mi yí padà, pé bó bá ṣubú kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi síbẹ̀. Ó ní, "Ó dáa, Mọ́mì." Kò tíì wá. Ó lè jẹ́ pé kò tíì ṣubú.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, Màámi kò lọ. Wọ́n ti bèèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì pé báwo ni iyọ̀ náà ṣe gbọ́dọ̀ tó, ó sì ní kó má pọ̀, kó má dín, kó dọ́gba lójoojúmọ́. Màámi mú ìdérí ìgò oògùn mi tó ti tán, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n sọ ọ́ di òṣùwọ̀n. Láràárọ̀, wọ́n á bu iyọ̀ sínú ìdérí náà, wọ́n á fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé e kó tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n á dà á sínú àwo kékeré kan. Iyọ̀ tèmi fún ọjọ́ náà nìyẹn. Ìkòkò mi ṣì wà lọ́tọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ padà sí Ìgbòho, ẹrù wọn ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n pè mí sí ilé ìdáná kí n wá wo bí wọ́n ṣe ń gé e. Mo dúró tì wọ́n. Mo ní, "Màámi, mo ti fẹ́ da oògùn yẹn nù tẹ́lẹ̀. Mo ṣì fẹ́ dà á nù."

"Kí ló dé?"

"Nǹkan ò dùn mí mọ́. Ọpẹ́ fara pa, kò dùn mí. Ẹ jókòó sílẹ̀ ní ọsibítù, mò ń wò yín, kò dùn mí. Ẹ lè kú, Màámi, kí n dúró tì yín kí ojú mi gbẹ." Mo sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé omi ti tán nínú kẹ́ẹ̀gì.

Màámi kò gbójú sókè. Wọ́n ń fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé iyọ̀ náà.

"Ṣé o máa wà níbẹ̀?"

"Níbo?"

"Lọ́jọ́ tí mo bá kú."

"Màámi, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo ní ṣé o máa wà níbẹ̀, Àṣàkẹ́?"

Mo rò ó. Kò sẹ́ni tó bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí, títí kan dókítà Ìbàdàn. Mo ní, "Mà á wà níbẹ̀."

"Ó parí. Kó o ṣáà wà níbẹ̀, kó o bu yẹ̀pẹ̀ sí mi lórí. Àwọn tó máa sunkún pọ̀ ní Ìgbòho, wọn ò níṣẹ́ méjì."

Wọ́n da iyọ̀ inú ìdérí náà sínú àwo. Wọ́n ṣí ìgò tuntun, wọ́n fi oògùn sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Wọ́n fi ọwọ́ tiwọn gbé e láti abẹ́ títí ó fi dé ẹnu mi, wọ́n sì dúró wò mí títí mo fi gbé e mì.